Ẹ Má Fi Wáyà Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ilé So Wúfà Mọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wa Corolla wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ákùúrẹ́. Ó ní wúfà òun, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde, ń wúkọ́. Mo ṣí bùútù: wúfà íǹṣì 12 méjì, áńpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè fún wúfà) tí wọ́n kọ wáàtì 3000 sí láyà, iná aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ń ṣẹ́jú. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí n lè rí wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti ìdí bátìrì. Wáyà 2.5 mm² ni, pupa fòò, èyí tí wọ́n fi ń so sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Mo jókòó sórí táyà. Mo bi í pé ta ló ṣiṣẹ́ yìí. Ó ní, “Ọ̀gá, èmi fúnra mi ni. Mo wo fídíò.”

Mi ò lè bú u tán, torí ohun tí èmi náà ti ṣe rí ju tiẹ̀ lọ, màá sọ ọ́ níwájú. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ẹ ó náwó sórí wúfà bíi pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín dé Ìdànrè, tó bá wá ku wáyà, ẹ ó ní kí wọ́n bá yín wá èyí tó wọ́n kéré jù.

Èkíní: nọ́ńbà gẹ́ẹ̀jì, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe nípọn tó, ń lọ sẹ́yìn ni. 4 nípọn ju 8 lọ, 0 nípọn ju 4 lọ. Ó parí.

Èkejì: ẹ má fi wáàtì tó wà lára páálí yan wáyà. RMS ni kí ẹ wò, ìyẹn agbára tí áńpù lè máa gbé jáde láìdúró. Áńpù tó bá ń gbé wáàtì 1000 RMS jáde lóòótọ́, tó jẹ́ kíláàsì D (irú tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀), máa ń fi nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó bá gbà ránṣẹ́ sí wúfà. Lórí fólítì 13.8, áńpíà 90 ló ń fà yẹn nígbà tí béèsì bá ki. Láti bátìrì dé bùútù, ẹ ka mítà 5. Kọ́pà gẹ́ẹ̀jì 4 á jẹ bíi 0.4 fólítì lójú ọ̀nà, gẹ́ẹ̀jì 8 á jẹ ẹyọ kan tó kù díẹ̀. Wáyà 2.5 ti ọmọkùnrin yẹn á jẹ ju mẹ́ta lọ. Ohun tó jẹ yẹn kò sì lọ sí ọ̀run, ó di ooru, wáàtì 300, bíi kí ẹ tan gílóòbù ọlọ́gọ́rùn-ún wáàtì mẹ́ta sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yín ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ìkọ́ tí wúfà ń wú nìyẹn: ó ń retí 13, 10 ló ń rí.

Ẹ̀kẹta. Ibí ni inú ti ń bí mi jù, ẹ fara balẹ̀.

Wáyà tí wọ́n kọ “4 gauge” sí lára kì í ṣe gẹ́ẹ̀jì 4 ní dandan. Róbà rẹ̀ nípọn bíi pọ̀ǹmọ́. Ẹ gé e, ẹ ó rí i pé ohun tó wà nínú kò ju ti gẹ́ẹ̀jì 8 lọ. Ó dà bí ọkùnrin tín-ín-rín tó wọ agbádá mẹ́ta lé ara wọn. Èyí tó tún burú ni pé ohun tín-ín-rín inú yẹn gan-an kì í ṣe kọ́pà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ni. Wọ́n ń pè é ní CCA. Alumíníọ̀mù kò gbé iná tó kọ́pà; nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí kọ́pà ń gbé ló lè gbé.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ra CCA. Bí owó kò bá tó, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ mú èyí tó nípọn sí i: níbi tí kọ́pà gẹ́ẹ̀jì 4 bá ti tó, gẹ́ẹ̀jì 2 ni kí ẹ mú. Ohun tó ń dùn mí ni kí èèyàn ta á fún mi ní kọ́pà. Mo ti bá ọmọ kan tó ń ta wáyà jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo yọ ọ̀bẹ, mo bó orí wáyà níwájú rẹ̀, mo fa fọ́nrán kan, tín-ín-rín bí irun, yọ nínú rẹ̀, mo fi ojú ọ̀bẹ ha á. Funfun báláú yọ lábẹ́ pupa. Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Ọ̀gá, wáyà ni wáyà.” Mo ní, “Láfún náà funfun, ṣé iyán ni?” Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì bú sẹ́rìn-ín. Kò dá owó mi padà ṣá o.

Torí náà, ẹ mú ọ̀bẹ lọ sọ́jà. Ẹ ha fọ́nrán kan. Kọ́pà gidi pupa wọnú. Kọ́pà kan wà tí wọ́n fi tánganran bò, tí òde rẹ̀ funfun. Bí ẹ bá ha ìyẹn, pupa ló ń yọ, ẹ má sá fún un. Ẹ tún gbé e lọ́wọ́ wò: wáyà tó nípọn tó wá fúyẹ́ bíi kànrìnkàn, ẹ dá a padà. Bí olówó ọjà bá kọ̀ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gé e, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ̀kẹrin: fúùsì. Ìtàn mi rèé. Mo ní Nissan Primera kan nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo fi fúùsì sí bùútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpù, torí ó rẹwà níbẹ̀. Wáyà gba inú ihò irin kọjá láti ibi ẹ́ńjìnnì, mi ò sì fi róbà kankan sí ihò náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tí a ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Oǹdó, irin ti gé róbà wáyà díẹ̀díẹ̀, ó kan kọ́pà. Fúùsì wà lẹ́yìn, bátìrì wà níwájú, kò sì sí ohunkóhun láàárín wọn tó lè já. Èéfín bo ojú mi. Omi pọ́ọ̀ wọ́tà tí a pín níbi ayẹyẹ ni ìyàwó mi ń já lé e lórí, kó tó di pé mo tú orí bátìrì. Títí dòní, bí mo bá ní mo fẹ́ tún nǹkan ṣe nílé, ó máa ń bi mí bóyá kí òun ra omi sílẹ̀.

Áńpù kọ́ ni fúùsì yẹn ń ṣọ́, wáyà ni. Kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ.

Ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń dá iná padà láti áńpù sára irin ọkọ̀, ńkọ́? Kó nípọn tó ti pọ́sítífù, kó kúrú, kí ẹ sì ha ọ̀dà ara ọkọ̀ títí irin á fi máa dán. Àwọn réwáyà kan á fi gẹ́ẹ̀jì 4 mú iná lọ, wọ́n á fi gẹ́ẹ̀jì 10 mú un padà. Iná tó lọ náà ló ń bọ̀.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Wáyà láti áńpù sí wúfà: gẹ́ẹ̀jì 12 tó. Wáyà rìmóòtù tó ń tan áńpù: èyí tó tín-ín-rín ni, ẹnì kan fi gẹ́ẹ̀jì 4 ṣe é rí, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Wáyà RCA, èyí tó ń gbé orin láti rédíò wá sí áńpù: ẹ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, níbi tí wáyà iná kò gbà, kó má baà máa hu pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì.

Wáyà kì í dá iná sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ọ́tánétọ̀ wọn, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kò ju áńpíà 70 sí 100 lọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí gílóòbù iwájú bá ń ṣẹ́jú bí béèsì ti ń dún lẹ́yìn tí wáyà ti dára, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ọmọ oní-Corolla bi mí bóyá kí òun kàn so 2.5 méjì pọ̀. Mo wò ó. Ó lọ mú owó kọ́pà wá lọ́jọ́ kejì. Wáyà pupa rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù ṣọ́ọ̀bù ni mo fi so, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.