Páànù kò lè dá yanrìn dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsàlẹ̀ Èkó là ń gbé, àmọ́ etí òkun tó wà lẹ́yìn Tarkwa Bay ni mo ti ń ta oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ. Yanrìn ń fẹ́ wọ ìkòkò mi. A fi páànù ṣe ọgbà. Kò pẹ́ tí yanrìn fi ga tó páànù, ó ń gba orí rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ sì tún ti gbẹ́ kòtò sí ìdí rẹ̀ níbì kan.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, Màmá. Páànù yẹn ló ń dá kún un. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu ohun tí kò ní ihò á lọ́ pọ̀, á gbẹ́ ìdí rẹ̀, á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó ráyè kọjá díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ páànù, kẹ́ ẹ to imọ̀ àgbọn ní ìnàró, kí àlàfo rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì. Kó ga dé ìbàdí ti tó, torí pé ìtòsí ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú yanrìn ti ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

Imọ̀ á jẹrà o. Kó tó jẹrà, ẹ wá ewéko tó ń fà nílẹ̀ létí òkun yẹn, ìbátan ọ̀dùnkún tí òdòdó rẹ̀ dà bí àlùkò. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gé ìtàkùn rẹ̀, kẹ́ ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́ yanrìn. Ibi tí oríkèé rẹ̀ bá ti kanlẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò. Bí yanrìn bá bò ó, á tún yọrí. Ọgbà kankan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro ó dànù mọ́ pé koríko lásán ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí àwọn oníbàárà máa gbà, kó sì dagun díẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ òkun á sọ ọ̀nà tó bá kọjú sí i tààrà di kòtò.

Ìbéèrè: Yanrìn tí típà dà síwájú ilé wa ní Ṣómólú ń fẹ́ wọ yàrá.

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rá ńlá bò ó, kẹ́ ẹ gbé òkúta lé etí rẹ̀. Èyí ò nílò ewéko.

Ìbéèrè: Àgùnbánirọ̀ lọmọ mi ní Yobe. Ó ní òkìtì yanrìn ń rìn bọ̀ wá bo kànga abúlé tó wà. Ṣé ewéko lè rí i ṣe níbi tí òjò ò ti pọ̀?

Ìdáhùn: Ó lè rí i ṣe, àmọ́ ẹ má fi ṣáájú. Afẹ́fẹ́ á hú ọ̀gbìn kékeré kí gbòǹgbò rẹ̀ tó wọlẹ̀. Ní Shapotou ní Ṣáínà, níbi tí òjò ọdún kan kò ti tó 200 mílímítà, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí lọ́dún 1958 gba àárín òkìtì yanrìn kọjá. Wọ́n ri koríko àlìkámà gbígbẹ mọ́ yanrìn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, mítà kan sí mítà kan, ó yọrí tó nǹkan bí 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Inú rẹ̀ ni wọ́n wá gbin igi kéékèèké sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, eruku àti èéhọ̀n di èèpá tó bo ojú yanrìn. Pòròpórò ọkà bàbà ni kí wọ́n lò ní Yobe, láti ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí wọ́n sì lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí igi kékeré kan bá dá dúró lórí òkìtì, kí ẹnikẹ́ni má gé e dáná: òun ló kó yanrìn yẹn jọ, òun náà ló dì í mú.