Ohun tẹ́ẹ máa ṣe tẹ́ẹ bá bá nǹkan tẹ́ẹ ò mọ̀ lájà ilé àtijọ́

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ tó ní kí kápẹ́ńtà fi hámà wó sílìn ilé bàbá yín, ẹ dúró ná. A ṣí àjà ilé bàbá wa àgbà ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́ níbí, la bá rí òwú kan tí èéfín ti sọ dúdú lórí páálí tó le bíi símẹ́ńtì. Kápẹ́ńtà ní "asbestos lásán ni, ẹ jẹ́ n wó o". Lásán kẹ̀! Asbestos gidi, òkúta oníwùú tín-ín-tín ni, tí wọ́n máa ń pò mọ́ símẹ́ńtì. Gbogbo páálí sílìn làwa máa ń pè ní asbestos, èyí tó ní i nínú àti èyí tí ò ní, torí náà orúkọ yẹn ò tíì sọ nǹkan kan.

Ojú lásán náà ò lè mọ̀ ọ́n. Òwú yẹ́lò tàbí píìnkì tó ń dán tó sì ń yún ni lára, fíbà gíláàsì ló sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ sílìn bíi símẹ́ńtì, páánù símẹ́ńtì àtijọ́, nǹkan tí wọ́n wé mọ́ páìpù gbígbóná, ẹ kà á sí asbestos títí láàbù á fi ní kì í ṣe òun. Tí ò bá tíì fọ́, ewu ẹ̀ kéré. Eruku ẹ̀ ni ìjàngbọ̀n, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró kò jáde mọ́, jẹjẹrẹ tó ń fà lè pẹ́ 20 sí 40 ọdún kó tó yọjú, ìyẹn ni kápẹ́ńtà fi ń ní "mo ti ń ṣe é tipẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan". Tó bá tún ń mu sìgá, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tún pọ̀ sí i gan-an. Ìlú Ọba fòfin de asbestos pátápátá ní 1999, South Africa ní 2008.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ pa fáànù, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ti yàrá. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku ẹ̀ o, aṣọ tútù ni kẹ́ẹ fi nù ún, kẹ́ẹ sì di aṣọ ọ̀hún sínú láílọ́ọ̀nù. Tí páálí bá ṣì le dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn.

Fún láàbù, ẹ pa omi pọ̀ mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀, ẹ fọ́n ọn sí páálí kó rin gbingbin, ẹ gé ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò lára ẹ̀, ẹ fi láílọ́ọ̀nù méjì dì í, ẹ kọ ọ́ sí i lára pé asbestos lè wà nínú ẹ̀. Maikirosíkópù tí wọ́n fi ń wo òkúta ni wọ́n fi ń wò ó, torí náà ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ òkúta ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí, lèmi á ti kọ́kọ́ béèrè. Ìbòmú aláṣọ ìgbà kòrónà ò ṣiṣẹ́ fún eléyìí, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P100 sí lára, ni kẹ́ẹ lò.

Tó bá di dandan kẹ́ẹ tú u, kí wọ́n yọ ìṣó, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi pẹ̀lú omi lára, kí wọ́n wé e ní láílọ́ọ̀nù tó nípọn. Ẹ má fi dí kòtò títì, ẹ má fi ṣe ilé adìyẹ, ẹ má sì sun ún, kì í jóná. Kí kápẹ́ńtà bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀, kó má gbé eruku lọ bá ìyàwó ẹ̀ nílé.

Tiwa ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mọ́mì mi, kápẹ́ńtà sì ti pè nígbà mẹ́ta.