Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Ṣàlàyé Àyípadà Tó Dé Bá Ipò Olórí Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà Ní 1963

Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ilé-Ifẹ̀ yóò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń da 1960 pọ̀ mọ́ 1963. Nítorí náà, ọjọ́ àti orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sójú pátákó. Láti 1 oṣù Kẹwàá 1960, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa, Gómìnà Àgbà ló sì ń ṣojú fún un: James Robertson ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí Nnamdi Azikiwe tó gbà á ní 16 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ní 1 oṣù Kẹwàá 1963 tí Nàìjíríà di rìpọ́blíìkì, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọba tàbí ọbabìnrin ni olórí rẹ̀, Azikiwe yìí kan náà di Ààrẹ. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí yóò béèrè pé kí ló wá yí padà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ sì fẹ́ kó dé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ fi tú u: ta ló yàn án, ọ̀rọ̀ ta ló ń tẹ̀ lé, níbo sì ni ẹjọ́ ń parí sí? Ti àkọ́kọ́ kò gba àkókò. Ọbabìnrin ló ń yan Gómìnà Àgbà. Òfin 1963 ní kí ilé aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n dìbò ìkọ̀kọ̀ yan Ààrẹ fún ọdún 5. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dìbò fún Azikiwe, nítorí òfin náà fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀, ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu.

Ìbéèrè kejì ni kí ẹ dúró lé lórí jù. Alákóso Àgbà, Abubakar Tafawa Balewa, ló ń ṣe ìjọba ṣáájú 1963, òun náà ló sì ń ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ àti ti àwọn mínísítà rẹ̀ ni Ààrẹ ń tẹ̀ lé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìparí 1964 hàn wọ́n. Lẹ́yìn ìdìbò tí àwọn ẹgbẹ́ alátakò kọ̀ láti kópa nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, Azikiwe kò fẹ́ pe Balewa láti tún gbé ìjọba kalẹ̀. Lóòótọ́ òun ni òfin pè ní olórí àwọn ọmọ ogun, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kó yé àwọn ọ̀gá ológun pé Alákóso Àgbà ni kí wọ́n máa gbàṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 4 oṣù Kìíní 1965, Azikiwe gbà, Balewa sì padà sípò.

Fún ìbéèrè kẹta, ẹ kò ní lọ jìnnà, nítorí Ọọ̀ni Adesoji Aderemi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Òun ni Gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí aṣojú Ọbabìnrin. Ní oṣù Karùn-ún 1962, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé aṣòfin fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn kò fẹ́ Akintola, Prẹ́míà (olórí ìjọba ẹkùn náà), mọ́, Ọọ̀ni yọ ọ́, ó sì fi Adegbenro rọ́pò rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ìdìbò nínú ilé. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, sì yí ìdájọ́ náà padà ní oṣù Karùn-ún 1963. Kíá ni ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin ṣe tó fi di pé ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe Adegbenro ní àǹfààní kankan. Rìpọ́blíìkì ló fòpin sí gbígbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, lójú tèmi, èyí sì wúwo ju orúkọ “Ààrẹ” lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé agbára Ààrẹ òde òní lé Azikiwe lọ́wọ́. Òfin 1979, tí Shehu Shagari fi di Ààrẹ, ló kọ́kọ́ kó ipò olórí orílẹ̀-èdè àti ti olórí ìjọba pọ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan tí ará ìlú dìbò yàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi kíláàsì pé àṣẹ ta ló yẹ kí ọmọ ogun tẹ̀ lé ní 1964. Ẹni tó bá sáré dáhùn pé ti Ààrẹ ni, ẹ dá a padà sí ìbéèrè kejì.