Bí Wọ́n Bá Ń Gé Gẹdú Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oko Yín ní Ẹ̀pẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ariwo ẹ́ńjìn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ìrì ò tíì gbẹ lára ewé pákí, á dún lápá ọ̀hún, á dákẹ́, igi á wó, ilẹ̀ á mì tìtì. Tẹ́ ẹ bá ní oko lọ́nà Ẹ̀jìnrìn tàbí níbikíbi tí igbó ṣì kù sí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ náà lè dé bá yín. Mo ti rí àwọn tó pàdánù igi, tí wọ́n pàdánù aládùúgbò mọ́ ọn, nítorí ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Kí èèyàn yọ àdá kó sáré lọ bá àwọn agégẹdú ni àṣìṣe tó yá gbogbo wa lára jù. Mo ti ṣe é rí. Mò ń pariwo, ẹni tó di ẹ́ńjìn mú ò gbọ́ nǹkan kan, igi tó ti gé dé ìdajì sì ń ké lókè orí wa. Ọlọ́run ló yọ mí. Ẹ dúró níbi tó jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìn dákẹ́ ná. Àti pé alágbàṣe lẹni tó di ẹ́ńjìn mú, igi tí wọ́n bá fi hàn án ló máa gé. Onígẹdú tó ra igi àti ẹni tó tà á fún un lẹ ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pè wọ́n, ṣé ẹ mọ ààlà yín? Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí. “Láti ìdí pèrègún yìí títí dé ìdí ìrókò yẹn” lohun tí bàbá sọ fún ọmọ, ọmọ náà sì rò pé ó tó. Pèrègún dára, torí kì í tètè kú: ẹ gé e, á tún rú. Ohun kan náà ló sì mú kó léwu. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ilẹ̀ ẹlòmíì á kàn ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, á rì í mọ́lẹ̀ síwájú díẹ̀, tó bá fi máa di ọdún kẹta, ó ti ta gbòǹgbò, ó ti di ẹ̀rí. Ti ìrókò tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tẹ́ ẹ fi ń ṣe ààlà ni igi tí ojú onígẹdú kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Tó bá gé e lọ, ààlà yín náà ti bá a lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé sọ́fè ilẹ̀ yín jáde. Ẹ wá àwọn òpó sìmẹ́ǹtì tí awọnlẹ̀ rì síbẹ̀, tí nọ́ńbà wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti wà lábẹ́ koríko. Ẹ gé ojú ààlà mọ́ kó hàn, kẹ́ ẹ pe aládùúgbò àti àgbàlagbà kan tó mọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ jọ rìn ín, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò. Igi tó bá wà lójú ààlà gan-an, ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i níṣojú gbogbo yín. Tí kò bá sí sọ́fè, owó awọnlẹ̀ lè dùn yín, àmọ́ ìdí ìrókò ńlá kan ṣoṣo lè wọ́n jù ú lọ.

Àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé ààlè tí wọ́n so mọ́ ìdí igi. Ọmọ àdúgbò lè bẹ̀rù rẹ̀. Agégẹdú tó wá láti ọ̀nà jíjìn á fi ẹsẹ̀ gbá a sọnù.

Ẹ má rò pé aládùúgbò ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gé igi tirẹ̀ o. Igi rẹ̀ ni. Ohun tẹ́ ẹ lè béèrè ni ìwé àṣẹ, torí gígé igi ní ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin, LASPARK sì ni àjọ tọ́rọ̀ ìwé àṣẹ igi gígé kàn. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá sí aládùúgbò tí kò tíì ṣẹ̀ ẹ́, ó ti ba ọ̀nà tó máa gbà bẹ̀ ẹ́ lọ́la jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni onígẹdú á wá bá yín tẹ̀ríntẹ̀rín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba inú oko yín kọjá, ẹ gba owó ọtí yìí.” Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Katakata tó ń wọ́ gẹdú nínú ẹrẹ̀ máa ń gbẹ́ kòtò tí omi òjò á gbà títí á fi di ọ̀gbun. Tẹ́ ẹ bá máa gbà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ojú ọ̀nà wo, ọjọ́ mélòó, wọn ò ní wọlé tí òjò bá rọ̀, iye tí ebè kan tó bá bàjẹ́ jẹ́, owó ìdúró sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí katakata tó wọlé. Ìgbà yẹn náà ni á ní kẹ́ ẹ ta tiyín mọ́ ọn, “torí ẹ́ńjìn ti wà nílẹ̀.” Ẹni tí kò fi téèpù wọn àyíká igi rẹ̀, tí kò sì béèrè iye pákó ní ilé ìlàgẹdú, á ta ọ̀gànwó ní owó igi ìdáná.

Tí wọ́n bá ti gé tiyín, ẹ má tú kùkùté, ẹ má sì dáná sun ún. Òun ni ẹ̀rí yín. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú òpó ààlà nínú àwòrán kan náà. Ẹ ya ojú gẹdú náà pẹ̀lú, torí àwọn onígẹdú máa ń fi òòlù lu àmì sí i. Ẹ ṣe é kíákíá: tí gẹdú bá ti dé etí ọ̀sà, tí wọ́n so ó mọ́ra, tó ń léfòó lọ lójú omi, ta ni á tún dá a mọ̀? Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí yín. Tí kò bá yanjú níbẹ̀, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 máa ń bá àwọn tó ń jà parí ọ̀rọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Owó èyíkéyìí tí wọ́n bá san, kó wà nínú ìwé, kẹ́lẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i.

Èyí tó kù kì í wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Igi yín tó wà létí ààlà ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi aládùúgbò láti kékeré. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò mọ ìjì. Ní báyìí tí ọ̀hún ti ṣófo, ojú afẹ́fẹ́ ló wà. Ẹ lọ wo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti fì sápá ilé tàbí ahéré, ẹ wá ìwé àṣẹ rẹ̀, kẹ́ ẹ gé e kí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó dé.