Bí mo ṣe ṣa orin tá a kọ ní Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìparí ọdún tó kọjá ni wọ́n pe ẹgbẹ́ olórin wa sí ìlú Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fún wa lórí ìtàgé, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣa orin. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan péré ni, àfi bó ṣe gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Mo kọ́kọ́ kọ gbogbo orin tá a mọ̀ sínú ìwé, ó jẹ́ 41. Mo wá jókòó ti fóònù, mò ń gbọ́ àwọn òde tá a ti lọ tá a sì gbà sílẹ̀, mò ń ka ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Orin tá a fi ìṣẹ́jú 5 kọ ní rìhásà, tó bá dójú agbo ó lè di 10, torí èèyàn á jáde wá náwó, onígángan á kì í, èmi náà á dárúkọ ẹ̀, o ò sì lè gé ìyẹn kúrú fún ẹni tó fi owó yẹ́ ẹ sí. Wákàtí kan ààbọ̀, yọ ìṣẹ́jú 10 fún ìkíni àti ìdúpẹ́, 80 ló kù, orin 8 nìyẹn. Nínú 41!

Èyí tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́ wa. Oṣù Kejìlá ni, àwọn ará Èkó àti Àbújá ti wálé, àwọn Owé ló ni Kàbà, àmọ́ àwọn ọmọ Ọ̀kun yòókù náà á wá, Ìyàgbà á wá, Ìjùmú á wá, Bùnú á wá, èdè wọn sún mọ́ra àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ní orin méjì tí màmá mi kọ́ mi lédè Ìyàgbà, ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ọmọ Àbújá ò ní gbọ́ ọ. Mo bi bàbá onígángan wa, mo ní, "Bàbá, ṣé ká yọ àwọn orin èdè ilé yìí ni?" Wọ́n wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ti Àbújá wá sílé, kí lo rò pé ó ń wá bọ̀?" Mi ò yọ ọ́ mọ́ o. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú èyí tí ègbè ẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, tọ́mọdé á ti lè gbè é tá a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ohùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń lé orin, ọyẹ́ sì máa ń gbẹ ọ̀nà ọ̀fun. Lóde kan báyìí mo to orin òkè méjì, èyí tó ń gbé ohùn lọ sókè gan-an, tẹ̀lé ara wọn, nígbà tá a fi máa dé ìkẹta ohùn wọn ti há, ó dùn mí gan-an torí èmi ni mo fà á. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ key, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin kọ̀ọ̀kan. Orin òkè wà ní ìkẹta àti ìkẹfà, a ò sì fi wọ́n kanra. Àwọn tí key wọn bá jọra, a máa so wọ́n pọ̀ láìdúró, bí àwọn bàbá wa oníjùjú, Obey àti Sunny Ade, ṣe máa ń so orin mọ́ orin títí ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù á fi tán. Ibi tí key bá ti yí, gángan nìkan ló máa sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kí onígìtá tó múra.

Mo ní orin tuntun tèmi kan, òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù kọ̀ jálẹ̀. Òótọ́ ni Fela kì í kọ orin tó bá ti gbé jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ lórí ìtàgé, tuntun ló máa ń kọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gan-an, àmọ́ ẹni tó ti rìn láti Ìsánlú wá fẹ́ gbọ́ orin tóun náà lè gbè. Mo bá gbé e sí ìkẹrin, lẹ́yìn èyí tí gbogbo ayé mọ̀, key kan náà, ìlù kan náà. Wọ́n ti wà lórí ìdúró kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ò gbọ́ èyí rí, kò sì sẹ́ni tó jókòó.

Ìkeje, mo fi sílẹ̀ lófìfo, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ká tó débẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà kan rán ọmọ kékeré wá bá mi pẹ̀lú ìwé pélébé, orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni wọ́n fẹ́, ó sì wà nínú 41 yẹn. A wọlé ní key F. Àwọn ìyá dìde lápá òsì, àwọn ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn, bàbá onígángan sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn láàárín agbo, a lo ìṣẹ́jú 17 níbẹ̀. Orin kẹjọ ò wáyé rárá.