Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kànga epo sórí ilẹ̀ yín

Ní Nàìjíríà, títí kan Ìlàjẹ níbi tí epo wà nílẹ̀ Yorùbá, epo abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ti onílẹ̀. Abala 44(3) nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi í fún ìjọba àpapọ̀. Ohun tó wà lókè ilẹ̀ ni ẹ lè gbowó lé lórí: igi, irè oko, ilé, kànga omi.

Nítorí náà, kí kátápílà tó wọlé, ẹ ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya èyí tó ti ń so sọ́tọ̀. Ẹ ya fọ́tò ògiri ilé pẹ̀lú, torí ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń wá epo lè là á kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun.

Omi ló ṣe kókó jù. Ẹ gbé omi kànga àti ti odò lọ fún àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi yí páìpù kànga epo ká, tí kò bá dì mọ́ ọn dáadáa, lè jẹ́ kí gáàsì tàbí omi iyọ̀ gòkè wá. Bí omi yín bá yí padà, tí ẹ ò sì ní èsì àkọ́kọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Òfin epo ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ ya 3% owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sọ́tọ̀ fún ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ti gbogbo ìlú ni o, kì í ṣe ti onílẹ̀ nìkan. Bí ọmọ ìlú bá bẹ́ páìpù, inú owó yìí ni wọ́n ti máa yọ owó àtúnṣe.