Bí mo ṣe fi páálí kọ́ X-3, bàálù tí ìrísí rẹ̀ yára ju òun fúnra rẹ̀ lọ

Ọmọ mi obìnrin ló fà á. A lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà ní Dayton, Ohio, nígbà tó sì dé iwájú Douglas X-3, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bàálù funfun ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ sì kéré débi pé ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, ṣé wọn ò tíì parí ìyẹ́ yẹn ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní a máa kọ́ tiwa nílé. Ẹnu mi ló ṣẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi san gbèsè rẹ̀.

Ìwọ̀n ni mo kọ́kọ́ ṣírò. Bàálù gidi gùn tó mítà 20.35, ṣùgbọ́n láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé ìkejì, mítà 6.9 péré ni. Mo sọ mítà kọ̀ọ̀kan di sẹ̀ǹtímítà méjì: tèmi á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40 ó lé díẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ á fẹ̀ tó 14. Ẹ mú rúlà kí ẹ wò ó. Sabre F-86 tí wọ́n ń fi jagun láyé ìgbà náà, gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mítà 11 ó lé díẹ̀ ni méjèèjì.

Páálí kọnfíléèkì ni mo fi ṣe ara rẹ̀. (Ìyàwó mi ò tíì jẹ kọnfíléèkì náà tán, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.) Mo yí páálí mọ́ ọ̀pá máàpù, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo fi rọ́bà dè é títí ilẹ̀ fi mọ́. Imú ló fìyà jẹ mí jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni páálí ká kọ́rọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n fi omi rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè rọ̀. Mo gé ilẹ̀kùn kékeré sí abẹ́ imú náà, torí abẹ́ ni awakọ̀ X-3 ń gbà wọlé. Wọ́n á sọ ìjókòó kalẹ̀, awakọ̀ á jókòó sórí rẹ̀, iná mànàmáná á sì fà á gòkè bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Bí ọ̀ràn bá burú lójú òfúrufú, ìsàlẹ̀ náà ni ìjókòó ọ̀hún máa yìn ín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti súnmọ́?

Igi bíró méjì tí mo gé kúrú ni mo fi ṣe ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn bàálù yìí ti dun mí. Ohun tí Douglas, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fẹ́ ni kó gbéra fúnra rẹ̀, kó sá ìlọ́po méjì eré ohùn fún ìgbà pípẹ́, kó sì balẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí ooru tí eré bẹ́ẹ̀ ń mú wá, wọ́n fi irin titanium ṣe lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì J46 tí wọ́n ń retí tóbi kọjá àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. J34 tí kò lágbára tó ni wọ́n fi sí i. Awakọ̀ Bill Bridgeman gbé e fò ní October 1952, wọ́n sì rí i pé tí ó bá ń lọ tààrà, kò lè ya ohùn sílẹ̀. Àfi tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò. Ní July 1953, bó ṣe ń já bọ̀, ó sá eré ohùn ní ìlọ́po 1.2. Kò tún sá ju ìyẹn lọ mọ́ láyé rẹ̀.

Páálí ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyẹ́. Mo fi sáńpépà pọ́n etí rẹ̀, torí ìyẹ́ X-3 tín-ín-rín gan-an. Ilé iṣẹ́ Lockheed lo ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe bàálù ogun F-104.

Mo wá rọra jù ú. Ó já lulẹ̀ bí òkúta. Mo fi owó sẹ́ǹtì mẹ́ta sí i nímú, mo fi gbogbo agbára jù ú, ló bá fò bí ọfà láti pálọ̀ dé ara kọ́tìnì. Ìyẹ́ kékeré ò lè gbé nǹkan dúró àfi kí eré pọ̀. X-3 gidi gbọ́dọ̀ sá ju 400 kìlómítà ní wákàtí kan lọ kó tó lè kúrò nílẹ̀, táyà rẹ̀ sì máa ń ya.

Ọmọ mi ní kó yí po. Mo tẹ etí ìyẹ́ kan sókè, mo tẹ ìkejì sísàlẹ̀, mo jù ú. Kò yí po bí a ṣe rò. Imú rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ara rẹ̀ dábùú, ó sì ń ta òkìtì lọ. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, èmi ń rántí Joe Walker. Ní October 27, 1954, Walker, awakọ̀ NACA, àjọ ìwádìí òfúrufú Amẹ́ríkà tó di NASA lẹ́yìn náà, yí X-3 sápá òsì kíákíá, bàálù náà gbé imú sókè, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó tún un ṣe, ó sì tún dán an wò nígbà tó ya ohùn sílẹ̀ díẹ̀. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí kó o yọ, ó gbé e balẹ̀.

Ẹ mú ọ̀pá gígùn, ẹ fi okùn so orí rẹ̀ kan kí ó rọ̀ lóòró, kí ẹ wá yí okùn náà kíákíá. Ọ̀pá ò ní dúró bẹ́ẹ̀, á fẹ́ dábùú. X-3 náà rí bí ọ̀pá yẹn: ara rẹ̀ gígùn ni ẹrù rẹ̀ tò sí, kò sí lára ìyẹ́, ìrù rẹ̀ ò sì tó láti dá imú dúró tí ó bá ń yí. Àìsàn kan náà ló wà lára bàálù ogun F-100. Ó ti pa awakọ̀ rẹ̀, George Welch, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ Walker. Ìrù tó ga jù ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi wo F-100 sàn.

Mo gé páálí tó ṣẹ́kù, mo fi ṣe ìrù ńlá. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó tún ara rẹ̀ tò, ó ń lọ. Nígbà tó di alẹ́, mo ní kí n yọ ìrù náà kúrò, kó lè jọ ti Dayton. Ọmọ mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ti Dayton ò fò mọ́, tòun ń fò.